Oúnjẹ Ọjọ́ Méje Létí Òkun

Port Harcourt,
Oṣù Kẹfà, 1970.

Fọlákẹ́ mi, Àjọkẹ́ ọmọ mi àtàtà,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde lórí àga yìí kí n tó kọ ìlà kan. Ìyá rẹ ní bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà, ǹ bá ti kọ ọ́ parí láti àná. Ó ti gbé bàtà mi pamọ́ báyìí, nítorí náà mo jókòó. Ara wa le, ilé tí a padà sí lẹ́yìn ogun kò jò, igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé sì ti tún ń so. Ìròyìn tiwa kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tìrẹ ló jẹ mí lógún.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá rẹ kà á sókè fún mi. Nígbà tí ó dé ibi tí o ti ní o ti di nọ́ọ̀sì, pé o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, pé ìwọ àti Dọ̀tun ọkọ rẹ ti rí ilé oníyàrá méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gbé lẹ́tà sílẹ̀, ó jó yí tábìlì po. Nígbà tí ó dé ibi tí o ti ní Títí ọmọ rẹ ń bọ̀ wálé sọ́dọ̀ yín, kò jó mọ́. Ó jókòó, ó ń fi etí ìró nu ojú. Ọmọ ọdún márùn-ún! Láti ọmọ oṣù mẹ́jọ ló ti wà lọ́dọ̀ Mísísì Páákà, obìnrin òyìnbó tó ń bá yín tọ́ ọ kí ẹ̀yin méjèèjì lè ríbi kàwé. Kí Ọlọ́run kẹ́ obìnrin náà.

Ojú ewé kejì ni kò jẹ́ kí n gbádùn ara mi. O ní Títí ti wá lo Sátidé àti Sọ́ńdè lọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, pé o se ìrẹsì, o dín dòdò, ọmọ náà ti ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan, ó ń wo abọ́ bí ẹni ń wo oògùn ibà, ó ní oúnjẹ Nánà lòun fẹ́. Nánà ni ó ń pe Mísísì Páákà. Lẹ́yìn náà o ní ẹ ti háyà ilé onítáyà kan, irú èyí tí ọkọ̀ máa ń fà, fún ọ̀sẹ̀ kan létí òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìṣeré ńlá níbi tí àgbá kẹ̀kẹ́ ti ń gbé ènìyàn lọ sókè bí ẹyẹ, tí ọkọ̀ ojú irin kékeré ń já ṣòòròṣò láti orí òkè. O wá kọ ọ́ báyìí: "Ìkòkò mi nìkan ni yóò jẹ fún ọjọ́ méjèèje. Kò ní rí tòyìnbó jẹ. Ebi ni yóò kọ́ ọ."

Ìyá rẹ lo ní kí ó to orúkọ oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́ fún ọ. Ó ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti ìwé sí iwájú mi. Ó ní, "Bàbá Délé, ẹ̀yin ni kí ẹ fèsì. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ ṣe ní Abuloma."

Mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni o kò mọ gbogbo rẹ̀. N kò sì dá ara mi lójú pé èmi ló yẹ kí ó máa gbani nímọ̀ràn, nítorí ìwé tí mo kà kò kọjá sẹ́kọ́ńdìrì, èyí tí mo sì fi ojú ara mi rí láyé, bóyá ìlàjì rẹ̀ ni mo ṣì rí. Ṣùgbọ́n àṣìṣe jẹ́ ọjà tí mo ní lọ́pọ̀. Jẹ́ kí n bù fún ọ níbẹ̀.

Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà náà, Délé ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni, ọjọ́ tí àwa ọmọ ìjọ máa ń lọ ṣe Gálílì. A háyà ọkọ̀ ojú omi, gbogbo wa ń lọ sí Abuloma, etí omi. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ ti lọ ṣáájú láti so jangilọ́fà mọ́ igi fún àwọn ọmọdé, àwọn apẹja sì ti gbà láti máa fi ọkọ̀ kékeré gbé wọn yípo. O mọ̀ pé sítọ́kípà ni mí ní ibùdókọ̀ òkun láyé ìgbà yẹn, gbogbo nǹkan ni mo ń fi rúlà fa ìlà sí. Mo jókòó, mo kọ oúnjẹ ọjọ́ náà sórí bébà bí ẹni ń to ẹrù sínú ọkọ̀. Agogo mẹ́jọ, ẹ̀kọ àti àkàrà. Agogo méjìlá, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Agogo mẹ́rin, bisikíìtì àti ọsàn. Mo buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Ta ló ní kí n buwọ́ lù ú? N kò mọ̀.

Ìyá rẹ ní, "Ẹ jẹ́ kí á gbé ìkòkò àti ìrẹsì lọ, kí á sè é níbẹ̀. Ẹja wà nínú omi tí à ń lọ bá."

Mo ní, "A kò lọ síbẹ̀ láti lọ dáná. Sè é nírọ̀lẹ́ òní, kí àwa lè kọ́kọ́ dé inú ọkọ̀."

Ló bá se ìrẹsì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Èmi fúnra mi ni mo dé e ní gbígbóná, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun, kí ó má baà tutù. Ìyá rẹ wò mí, ó ní, "Ẹ kú ìtọ́jú o." Èmi rò pé ìyìn ni.

Kí a tó jáde, mo to ẹ̀yin ọmọ sí iwájú ilé. Mo ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ abọ́ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá fún yín lóúnjẹ, kí ni ẹ ó wí?"

Ẹ ní, "A ó ní a ti yó."

"Bí ebi bá wá ń pa yín ńkọ́?"

Délé ní, "A ó ní a ti yó gan-an."

Inú mi dùn sí èsì yẹn! Àjọkẹ́, o mọ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ nílé wa. Ojú ni a fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bí àlejò bá na ẹran sí ọmọ, ọmọ á kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin mọ ojú mi ju bí ẹ ṣe mọ ABD lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé kí wọ́n má pe ọmọ mi ní wọ̀bìà. Wọ́n pe èmi bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, ó sì dùn mí títí di òní. Mo wá fi ohun tó dun èmi na ẹ̀yin.

Agogo méjìlá lù ní Abuloma. Ìyá rẹ ṣí ìrẹsì. Ó ń hó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ lé eṣinṣin pàápàá. Ìyá rẹ dé e padà jẹ́ẹ́. Délé ní kí á jẹ bisikíìtì. Mo yọ bébà wò, mo ní, "Bisikíìtì ti agogo mẹ́rin ni." Fọlákẹ́, mo sọ bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tó ní ọpọlọ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Iwájú ilé obìnrin apẹja kan tí wọ́n ń pè ní Mama Ibim ni a tẹ́ ẹní wa sí. Ó ń sun bọ̀ọ̀lì, ó ń sun ẹja, ó ń fi epo àti ata pa á lára, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e bọ̀ tààrà sí imú wa. Ó bù ú sórí àwo, ó gbé e wá. "My pikin, make una come chop."

Ìwọ àti Délé ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Thank you ma. We don belleful."

Ikùn rẹ kùn báyìí, kùúù! Mama Ibim gbọ́ ọ. "Belleful? Belle wey full, na him dey cry like frog so?" Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. O wo ojú mi. Mo fojú kìlọ̀ fún ọ. O gbé itọ́ mì, o sì lọ sídìí jangilọ́fà.

Ibi tí o mọ̀ mọ nìyẹn. O rò pé oòrùn ló mú ọ tí o fi já bọ́ lórí jangilọ́fà. Gbogbo ìjọ rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò tíì fi ẹnu ara mi sọ fún ẹnikẹ́ni nìyí.

Mama Ibim pè mí sí ẹ̀yìn ilé pé kí n bá òun gbé àwọ̀n kúrò lórí igi. Nígbà tí a gbé e tán, ó gbé àwo náà sí iwájú mi. "Oga, you sef don belleful?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo ní, "Small."

Ó ní, "Small belleful. Sidon, chop the remain."

Mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n dà dojú dé, mo jẹ ẹja. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi jẹ ẹ́. Mo jẹ èkínní, mo mú èkejì, mo ń fa orí rẹ̀ mu lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe pé ọmọ ti ṣubú. Mo fi bébà oúnjẹ tí mo buwọ́ lù yẹn nu ẹnu, mo sáré. Ìyá rẹ ti gbé ọ sí itan, àgbọ̀n rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí.

"Bàbá Délé, epo wo ló wà ní irùngbọ̀n yín?"

Mo ní, "Òógùn ni."

Ó ní, "Òógùn tó ní egungun?"

Mama Ibim gbé ẹja wá, ó ní ebi ló ń pa ọmọ yìí. Mo ní, "Fọlákẹ́, jẹun." O yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo pariwo pé, "Mo ní kí o jẹun!" O di ẹnu pinpin, omijé ń bọ́ lójú rẹ. O kò mọ èyí tí ìwọ ìbá gbà gbọ́ nínú bàbá àárọ̀ àti bàbá ọ̀sán. Ìyá rẹ kò bá ọ sọ̀rọ̀ rárá. Ó ya ẹja lọ́wọ́ Mama Ibim, ó fi sẹ́nu ara rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó lá ìka. Ó tún ya òmíràn. O ń wo ẹnu rẹ̀. Nígbà tó kan ẹ̀ẹ̀kẹta, o la ẹnu tìrẹ. Ẹja mẹ́ta ni o jẹ lọ́jọ́ náà, o sì tún béèrè orí.

Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, àwọn ìyá ìjọ ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé irú ìyá wo ló ń gbé ìrẹsì kíkan dání, tí ebi ń dá ọmọ rẹ̀ kú. Mo gbọ́ ọ. Ìyá rẹ gbọ́ ọ. Mo dákẹ́, mo ń wo omi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà náà, orí ọmọ wọ́, mo sì ń jẹ ẹja.

Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi báyìí, ó ń kà á lórí èjìká mi. Ó ní irọ́ wà nínú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹja méjì, mẹ́rin ni, Mama Ibim ló sọ fún òun. Ó dára, mẹ́rin ni. Mo ti bẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti dárí jì mí, pé bí mo ṣe ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tí èèrà wọ sókòtò lòun kò lè dárí rẹ̀ jì. Ìwọ náà jọ̀wọ́ forí jì mí. Jẹ́ kí n wá gbìyànjú ìmọ̀ràn.

Èkínní, ẹ jẹun kí ẹ tó jáde nínú ilé onítáyà, ṣùgbọ́n kí ó má wúwo. Ògì, búrẹ́dì, ẹyin, ó tó. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀bà kí ó tó gun àgbá kẹ̀kẹ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Sọ fún Dọ̀tun pé mo wí bẹ́ẹ̀, mo mọ bí ó ṣe fẹ́ràn ẹ̀bà.

Èkejì, má ṣe dé ìrẹsì gbígbóná. Tẹ́ ẹ sórí tíréè kí ó tutù kí o tó gbé e sínú abọ́. Ilé ìwé kò kọ́ mi ní ìyẹn, imú mi ló kọ́ mi. Ohun tó bá wà níbi tí ẹ ń lọ, ẹ rà á níbẹ̀. Létí òkun òyìnbó, ẹja díndín àti pòtétò díndín ni mo gbọ́ pé wọ́n ń dì sínú ìwé ìròyìn. Gbé ìgò ata gígún tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́ sínú báàgì, wọ́n ọn sórí tìrẹ, ilé dé nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, má ṣe kọ agogo sí oúnjẹ ọmọdé. Kí nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ nígbà gbogbo, ọsàn, bisikíìtì, omi. Bí ọmọ bá ní ebi ń pa òun ní agogo mọ́kànlá, agogo oúnjẹ ti lù.

Ọkọ rẹ gbọ́dọ̀ dáná lọ́jọ́ kan, ó kéré tán. Mo gbàgbé nọ́ńbà tí mo dé. Ìsinmi tìrẹ náà ni. Èmi ti ń se ẹ̀wà báyìí. Ìyá rẹ ní ó máa ń jóná díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́.

Wàyí o, ó kan ọ̀rọ̀ Títí. Ọmọ mi, mo mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í ṣe ìrẹsì. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé ọmọ rẹ kò ní mọ̀ ọ́ ní ìyá, o sì rò pé bí ó bá jẹ oúnjẹ rẹ, ó ti gbà ọ́. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́ tó fi dé egungun. Ṣùgbọ́n ebi lè kọ́ ọmọ ní jíjẹ, kò lè kọ́ ọ ní ẹni tó jẹ́ ìyá rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú, koko ní í le. Bí o bá fi ebi mú un fún ọjọ́ méje, yóò jẹun lọ́jọ́ kẹta, n kò jiyàn. Ó lè máa fi ojú wò ọ́ bí ìwọ ṣe fojú wò mí lórí itan ìyá rẹ lọ́jọ́ náà. Ojú yẹn kò tán nínú mi títí di òní.

Nítorí náà, se tìrẹ, sì jẹ́ kí tòyìnbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Má ṣe kẹ́gàn ohun tí Nánà ń sè. Bí ó bá mú sọ́séèjì, kí ó mú un. Ìwọ àti Dọ̀tun ẹ jókòó, ẹ máa jẹ dòdò yín, ẹ máa ṣẹ̀fẹ̀, ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ má bá a wí. Bí ó bá na ọwọ́ sí ẹyọ kan, ẹ má pàtẹ́wọ́.

Èyí tó kẹ́yìn yóò le fún ọ. Ẹ pe Mísísì Páákà wá. Kí ó wá bá yín lo ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ létí òkun, kí ó jókòó sídìí tábìlì yín, kí ó jẹ nínú ìkòkò rẹ. Mo mọ̀ pé wàá ní, "Bàbá mi, ẹ fẹ́ kí ọmọ tún rọ̀ mọ́ ọn ni?" Ó ti rọ̀ mọ́ ọn. Kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni nípa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pọ̀n ọ́n, tó nu imú rẹ̀, òun ni ojú rẹ̀ ń wò kí ó tó la ẹnu. Bí obìnrin náà bá lè fi dòdò rẹ sẹ́nu níwájú ọmọ, kí ó sì ní ó dùn, ọ̀nà tí ìwọ ìbá fi oṣù mẹ́fà là, ó ti là á fún ọ lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà kí ó dágbére fún ọmọ níbi tí ẹ̀rín wà, níbi tí àgbá kẹ̀kẹ́ ń yí, kí ó má ṣe jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí aṣọ. Ọmọ tó bá rí i pé ìyá méjèèjì bá ara wọn jẹun kò ní rò pé wọ́n jí òun gbé.

Bóyá mo ṣì wí o. Ìwọ lo mọ ọmọ rẹ, ìwọ sì ni nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n èmi kò lè jókòó, o mọ̀ mí. Mo ti fi òyìnbó sẹ́kọ́ńdìrì mi kọ lẹ́tà kékeré kan sí Mísísì Páákà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún tó fi pọ̀n ọmọ wa. Mo ní bàbá àgbà Títí ń bẹ̀ ẹ́ kí ó wá jẹun lọ́dọ̀ ọmọ òun létí òkun. Ó wà nínú àpò ìwé yìí. N kò lẹ ẹnu rẹ̀. Kà á, kí Dọ̀tun náà kà á. Bí ó bá bí ọ nínú, ya á, n kò ní béèrè. Bí kò bá bí ọ nínú, ìwọ fúnra rẹ ni kí o fi itọ́ lẹ̀ ẹ́, kí o sì gbé e lọ sí pósítọ́físì.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń dúró de èsì, lórí ìdúró.

Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé kí dòdò má pọ́n jù.